Ẹ̀kọ Òwúrọ̀ Tí A Fi Wàrà Àgbọn Sè

Ọ́ọ̀tì jẹ́ ọkà ilẹ̀ òtútù, èyí tí àwọn ará Skọ́tíláńdì ti ń sè jẹ ní òwúrọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Nínú agolo tàbí páálí ni ó ń dé ọjà Adó, owó rẹ̀ kò sì rọrùn fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìjàn, ìyá ilé tí ó bá ní ògì nínú ìkòkò, kí ó ra àgbọn kan kún un, yóò rí ẹ̀kọ tí ó dán tí ó sì dùn.

Kí ó mi àgbọn náà kí ó tó san owó. Èyí tí omi rẹ̀ kò bá dún mọ́ lè ti bàjẹ́. Kí ó fọ́ ọ, kí ó yọ èyí tí ó funfun, kí ó rin ín, kí ó da ife omi gbígbóná méjì lé e, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ fún un. Èyí ni wàrà àgbọn. Omi tí ó wà nínú àgbọn tẹ́lẹ̀ kọ́. Adìyẹ kì í kọ èérí rẹ̀, bí àwọn ọmọ kò bá tíì fi í jẹ gààrí tán.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fi omi tútù po ògì kí ó má baà ṣù, kí ó dà á sínú omi tí ń hó, kí ó sì máa rò ó títí yóò fi jinná. Ìgbà náà ni kí ó tó da wàrà sí i, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, lórí iná tí kò le. Bí wàrà bá hó pẹ́, òróró rẹ̀ a yà sọ́tọ̀. Èyí tí ó bá kù kì í pẹ́ kan. Kí a lò ó ní òwúrọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n orúkọ wàrà yìí lè ṣi ìyá lọ́nà. Ọ̀rá ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà kò tó. Ògì tí a sẹ́ pẹ̀lú ti fi díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ sílẹ̀ nínú èérí.

Ní ọdún 1935, Dókítà Cicely Williams, obìnrin oníṣègùn ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, kọ̀wé nípa àrùn tí àwọn ará Gàá ń pè ní kwashiorkor, àrùn ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò. Oúnjẹ àgbàdo nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, ikùn rẹ̀ a sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí òbí kò fi ní mọ̀ pé oúnjẹ ni kò tó. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ẹnu ààlà Èkìtì, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣètò, lẹ́yìn ọdún 1955, pé kí a máa wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí a sì kọ ìwúwo wọn sínú káàdì tí ìyá ń pa mọ́. Ọmọ tí kò bá wúwo sí i mọ́ ni a ń tètè rí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

Nítorí náà, kí àgbà mu ẹ̀kọ alágbọn pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ti ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, kí a po ẹyin tí ó jinná tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná mọ́ ọn. A sì lè lọ ife ẹ̀wà sóyà kan pọ̀ mọ́ ife àgbàdo mẹ́ta, bí a bá ti se ẹ̀wà náà dáadáa, nítorí tútù rẹ̀ kò dára fún inú. Kí ẹ̀kọ ọmọ ki tó bẹ́ẹ̀ tí yóò dúró lórí ṣíbí. Kí a má fi oyin sí i títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan, kí ó sì máa mu ọmú lọ.