Ìyá Ọmọ Náà Ńkọ́? Ṣe àti Má Ṣe fún Ẹni Tó Sún Mọ́ Aláboyún àti Ìyá Ìkókó

Láti Máfolúkù títí dé Òkóta, ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wa ní Èkó, bí obìnrin bá bímọ, ilé á kún. Wọ́n á kí i kú ewu, wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á bèèrè bó ṣe ń mu ọyàn, bó ṣe ń sùn, ta ló fojú jọ. Àlejò á wọlé, àlejò á jáde, ó sì lè máà sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi ìyá ọmọ pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe rí.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ nǹkan yìí, nítorí àwọn dókítà wa ti ṣèwádìí rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ní Iléṣà, Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin 876 wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n bímọ. 128 nínú wọn ló ní àmì ìsoríkọ́. Ọdún 2005 ni ìwádìí náà jáde. Nínú ìyá ìkókó méje tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, nǹkan bí ọ̀kan ló ní in. Àjọ WHO sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ìdá 15.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláboyún àti ìdá 19.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni àìlera ọpọlọ ń bá fínra, ìsoríkọ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣe: Ẹ bi ìyá nípa ara rẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.
Ẹ jẹ́ kí àlejò lọ tán. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ìyá ọkọ lè sọ pé, "Ìyàwó mi, fi ti ọmọ sílẹ̀ ná, ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?" Bó bá dáhùn pé, "A dúpẹ́, mà," ẹ má tíì dìde. Ẹ tún béèrè: ṣé ó ń rí oorun sùn nígbà tí ọmọ bá sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín? Ẹ fetí sí bó ṣe ń sọ ọ́ o, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin wa kò ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, àyà ń já àwọn, nǹkan ń rìn lórí àwọn, ara ń ro wọ́n. Ẹ bi aláboyún náà bẹ́ẹ̀. Ìsoríkọ́ kì í dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má pè é ní aláìmoore.
"Ṣé o mọ iye àwọn tó ń wá èyí tó o rí?" Tìfẹ́tìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu mọ́. Obìnrin lè fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé góńgó kó sì máa sunkún lóru láìmọ ìdí.

Ṣe: Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkún ọjọ́ díẹ̀ àti àìsàn.
Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń sunkún ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ara ń yí padà, oorun kò tó, ọyàn ń kún. Kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtọ́jú, oúnjẹ gbígbóná àti oorun ti tó fún un. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí nǹkan gbogbo sú u, tí kò fẹ́ rí ọmọ tàbí tí kò lè gbé e sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, tó ń sọ pé òun kò wúlò, ìsoríkọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ìwà burúkú. Ó ní ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹta ni àbísínwín. Kò wọ́pọ̀, bóyá ọ̀kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ṣùgbọ́n kì í fúnni láyè. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: obìnrin ò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́, á máa sọ̀rọ̀ wìtìwìtì, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó lè ní ọmọ náà kì í ṣe tòun tàbí pé wọ́n fẹ́ pa òun.

Má ṣe: Bó bá jẹ́ àbísínwín, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì ní kó jẹ́wọ́ àlè.
Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àwọn kan ṣì gbà pé obìnrin tó ṣe ìṣekúṣe ni orí rẹ̀ ń dàrú lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n á wá jókòó tì í, wọ́n á máa ní kó jẹ́wọ́. Wákàtí tí wọ́n fi ń ṣèyẹn ló yẹ kí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ibà líle, kòkòrò tó wọ inú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fa gìrì fún aláboyún àti ìyá ìkókó, gbogbo wọn lè mú kí obìnrin máa sọ ìsọkúsọ. Àwọn wọ̀nyẹn lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò.

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò Ìsọlọ̀ nítòsí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Yábàá. Láti 1907 ló ti wà níbẹ̀. Òun náà ló ní ẹ̀ka ní Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ kì í ṣe àlejò ládùúgbò wa. Bí kò bá sí ọkọ̀ tàbí tí apá yín kò ká a, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀; kí ẹnì kan gbé ọmọ, kí ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá tètè rí ìtọ́jú ló ń yá. Ẹ sọ èyí fún ọkọ, nítorí ẹ̀rù ló máa ń lé àwọn ọkọ sá.

Ṣe: Ẹ lo ọjọ́ àjẹsára.
Ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ á wọ ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ìgbà mẹ́ta nìyẹn tí nọ́ọ̀sì á fojú kàn án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san owó ọkọ̀ mìíràn. Láti 1987 ni ìbéèrè mẹ́wàá kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tó ń bèèrè bí ọkàn ìyá ṣe rí láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn aláboyún wa, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006: ó ṣiṣẹ́. Obìnrin lè dáhùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ìbéèrè tó kẹ́yìn, tó dá lórí bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀ lára, ni kí ẹ kọ́kọ́ wo èsì rẹ̀.

Bí ọmọ kò bá sì wúwo tó lórí òṣùwọ̀n, ẹ má kàn bá ìyá jà lórí oúnjẹ. Nínú ìwádìí tí Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé jáde ní 2008, ọmọ àwọn ìyá tó sorí kọ́ kò dàgbà tó ọmọ àwọn tó kù, ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe wọ́n léraléra, àwọn ìyá náà sì ń tètè fi ọyàn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ, kó tọ́jú ìyá rẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má rò pé àfi dókítà ọpọlọ nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́.
Èyí ni ìròyìn tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé 29 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aláboyún níbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè mọ ìsoríkọ́, kí wọ́n bá obìnrin jókòó, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Obìnrin 686 ló wà nínú ìwádìí náà. Wọ́n fún apá kan ní ìtọ́jú tó kún, wọ́n fún apá kejì ní èyí tó fúyẹ́. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́ ló ti yá, ìdá 66 nínú àwọn ti ìkejì. Ìyàtọ̀ náà kéré. Àwọn tí ìsoríkọ́ tiwọn le jù ni ìtọ́jú tó kún ṣe láǹfààní jù. Ọdún 2019 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Ohun tí mo rí kà nínú rẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ obìnrin náà, tó sì mọ òpópónà tó ń gbé ní Ṣógúnlé, lè ṣe iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Má ṣe: Ẹ má bínú nítorí pé obìnrin ni ọmọ, ẹ má sì fi iṣẹ́ abẹ bú u.
Nínú ìwádìí Iléṣà, àwọn tó bí ọmọbìnrin àti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wà lára àwọn tí ìsoríkọ́ mú jù. Ọmọbìnrin kì í fa àìsàn. Ojú tí a fi ń wo ìyá rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. A ti gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí àwọn obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bímọ. Bí wọ́n bá wá gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó lè máa rò pé òun kùnà. Ẹ kí i kú ewu, ó fojú rí i.

Ṣe: Ọkọ, ẹ gba òru.
Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn bímọ ní ọjọ́ 10 láti 2014. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ 14 ní 2022. Awakọ̀ ní Bọ́ládé àti oníṣòwò ní Aswani kò sí nínú ètò yẹn, mo mọ̀. Síbẹ̀, wákàtí mẹ́rin tí ìyàwó fi sùn láìjí ju ẹ̀bùn lọ. Ẹ fọ aṣọ ọmọ, ẹ pọn omi, ẹ gbé ọmọ sẹ́yìn. Bí ìyá ìyàwó tàbí ìyá yín kò bá lè wá, ẹ bẹ ìyá kan nínú ilé. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò ní Òkóta àti Àjàó kì í fi ọmúgwọ́, ìtọ́jú ìyá ìkókó tiwọn, ṣeré; kí àwa náà má jẹ́ kí olójòjò wa pa rẹ́.

Má ṣe: Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.
Obìnrin tó ń lo oògùn ọpọlọ tó wá lóyún kò gbọ́dọ̀ ju oògùn nù ní ọjọ́ kan náà. Kó lọ bá dókítà. Àwọn oògùn kan ṣeé lò nígbà oyún àti nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Sodium valproate kò sí lára wọn, ó lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà ẹni tó ń lò ó fún wárápá tàbí àìsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lóyún pàápàá. Ẹ má ra oògùn oorun ní kẹ́mísìtì fún ìyá ìkókó.

Ṣe: Ẹ rántí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú.
Òun náà bímọ. Ọyàn rẹ̀ á kún. A máa ń yára sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sunkún omi tó dànù náà ná. Ní Òkè-Àfá, a kọ́ ohun ìrántí fún àwọn tó kú nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà lọ́jọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní, 2002. Ọmọ tó kú sínú ilé ọmọ kò ní ibojì tí ìyá rẹ̀ lè tọ́ka sí. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ọmọ náà. Bí ó bá fẹ́, ẹ jókòó.

Má ṣe: Ẹ má fi àdúrà dípò ilé ìwòsàn.
Ẹ gbàdúrà, kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà sì tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀pọ̀ ló ń bímọ ní míṣọ̀n. Ìyá àgbẹ̀bí ibẹ̀ lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí àmì.

Ṣe: Bó bá ní ó sú òun láyé, ẹ bi í ní tààràtà.
Bíbèèrè bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀ kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti kẹ́míkà kúrò lárọ́wọ́tó rẹ̀, ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ẹgbẹ́ SURPIN wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀daràn wò ó.

Ẹ̀yin tó ń ṣàkóso àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí ìbéèrè mẹ́wàá Edinburgh yẹn wà lórí káàdì gbogbo aláboyún àti gbogbo ìyá ìkókó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sí, kí ẹ sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yín ohun tí wọ́n máa ṣe pẹ̀lú èsì rẹ̀.