Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Nọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ ní èbúté Onitsha, àwọn kan nínú yín ń tú ẹ́ńjìnnì nítorí pé ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó pọ̀ jù kì í tú u rárá, títí yóò fi nọ́ọ̀kì láàrin odò pẹ̀lú èrò Asaba nínú ọkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ púlọ́ọ̀gì, epo àti ìmípẹ́là wò. Iyanrìn Odò Ọya kì í jẹ́ kí ìmípẹ́là pẹ́. Bí omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bá ti ń rọ, ẹ pa á, kí ooru má bàa jẹ písítìnì.

Bí ìwọ̀nyí bá dára tí agbára ṣì ń dín, ẹ mú géèjì kọ̀mpirẹ́ṣọ̀n. Mi ò gba ti ẹni tó ní etí òun ni géèjì òun. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí tọ́rótù tán, ẹ wọn sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì bá wà ní nǹkan bí 120 psi, tí ẹ̀kẹta já sí 95, ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà.

Oṣù Kẹta tí omi fà ló dára fún títú ẹ́ńjìnnì. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìṣàn odò yóò gba gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ wá ohun tó pa sìlíńdà tó já sílẹ̀ yẹn kí ẹ tó fi písítìnì tuntun sí i.

Fún Yamaha tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 25 pẹtiróòlù ni fún wákàtí 10 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà. Ẹ má sì fún un ní iná tán lásìkò yẹn, bó ti wù kí èrò pariwo tó.