Ìlànà Ìjọba, Kòkó àti Igbó: Àyẹ̀wò Òdodo, Ọrọ̀-Ajé àti Àyíká ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kò lè dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìlànà ìjọba rí. Òfin tí ìjọba bá ṣe lórí iye owó irè oko kì í dúró sórí owó nìkan; a máa kan ẹni tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹni tí ó ru ẹrù rẹ̀, àti ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì dúró lé. Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi ìtàn kòkó ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó ṣe àlàyé ìbáṣepọ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìlànà tí ó gbé ọ̀kan ró nínú òdodo, ọrọ̀-ajé àti àyíká lè pa èkejì lára, àti pé àgbẹ̀ kékeré ni ó sábà máa ń san gbèsè rẹ̀.

Ìgbà Bọ́ọ̀dù

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba amúnisìn gba títa kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 1947, a dá Bọ́ọ̀dù tí yóò máa ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ẹkùn, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì wà lábẹ́ ìjọba tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú. Ìjọba ni ó ń kéde iye tí a ó ra kòkó. Àwọn aṣojú tí ó gba ìwé àṣẹ ni ó ń rà á. Gírédà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ dáadáa tàbí ó hu. Bọ́ọ̀dù a sì tà á sí òkè òkun. Bí owó òkè òkun bá ju èyí tí a san fún àgbẹ̀ lọ, ọwọ́ Bọ́ọ̀dù ni èrè náà ń wà. Àlàyé ìjọba ni pé òun yóò fi ti àgbẹ̀ lẹ́yìn ní ọdún tí owó kòkó bá já wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà di owó ìdàgbàsókè. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ró, èyí tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ẹni tí kò ní oko rárá jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ àǹfààní yìí. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ni ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn jù, a kò sì bi í léèrè kí a tó dì í rù ú. Nígbà tí owó orí àti owó kòkó tí kò tó nǹkan pàdé pọ̀, àwọn àgbẹ̀ fárígá. Èyí ni rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, tí ó gbóná jù ní agbègbè Ìbàdàn.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìṣirò

Kòkó fẹ́ràn ilẹ̀ igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán: ó lọ́ràá, ó sì ń di omi mú. Bí oko bá ti gbó, ó nira láti tún un gbìn. Àgbẹ̀ tí owó tí ó ń gbà kò tó láti sọ oko àtijọ́ dọ̀tun yóò rí i pé igbó tuntun ni ó rọrùn jù. Báyìí ni ìlànà owó ṣe di ọ̀rọ̀ igbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí igbó nínú ìṣirò Bọ́ọ̀dù.

Ìjọba ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ ní Àkúrẹ́, ní Ìdànrè àti ní Olúwa. Kí a kíyè sí orúkọ náà: kì í ṣe Déjì tàbí Òṣemàwé ni ọba inú rẹ̀, ìjọba ni. Ìjọba tí ó ní kí àgbẹ̀ má wọ ibẹ̀ náà ni ó ń fún agégẹdú ní ìwé àṣẹ. Ní Olúwa, a gé ọ̀pọ̀ igbó àdánidá, a sì fi gmelina rọ́pò rẹ̀ láti fi ṣe ìwé. Lónìí, oko kòkó wà nínú igbó ọba.

Ní 1986, ìjọba fagi lé àwọn Bọ́ọ̀dù. Iye náírà tí àgbẹ̀ ń gbà gòkè, ṣùgbọ́n náírà fúnra rẹ̀ ń já wálẹ̀, owó oògùn kòkó ń gun òkè, àyẹ̀wò gírédà sì dẹ̀. Owó tí ó gòkè yìí tún fa ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí wíwá ilẹ̀ kòkó.

Òfin òkè òkun

Ní 2023, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó wá láti ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé a gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà hàn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òfin náà dára fún igbó. Ṣùgbọ́n Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò sábà ní ìwé kankan, ẹni tí ó sì ń dáko nínú igbó ọba kò ní fẹ́ fi oko rẹ̀ hàn. Bí ìjọba kò bá bá irú wọn wọn oko, kí ó sì là á yé wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, àwọn ni ọjà yóò kọ́kọ́ tì síta.

Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Olùkọ́ Yorùbá lè fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ ìlànà èyíkéyìí wò:
(i) Ta ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀, ta sì ni ó san owó rẹ̀?
(ii) Níbo ni owó tí ó wọlé gbà lọ?
(iii) Kí ni ilẹ̀ pàdánù, ta ni yóò sì tún un ṣe?

Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí abúlé olóko kòkó, kí wọ́n fi ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, kí wọ́n sì kó àwọn ọ̀rọ̀ bí gírédà, ìṣákọ́lẹ̀ àti igbó ọba jọ. Ìtàn ìlànà ìjọba wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ìkádìí

A ti rí i pé Bọ́ọ̀dù kọ́ ilé-ìwé, ó sì fi ìyà jẹ àgbẹ̀. Pé fífagi lé e tú àgbẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí igbó sílẹ̀. Pé òfin tí ó fẹ́ dáàbò bo igbó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀. Kì í ṣe pé kí ìjọba má ṣe òfin. Ohun tí ó yẹ ni kí a gbé òdodo, ọrọ̀-ajé àti àyíká sórí òṣùwọ̀n kan náà kí a tó fọwọ́ sí i, kí àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n.