Guar gum inú oúnjẹ: ìwúlò rẹ̀ àti ibi tí ewu rẹ̀ wà

Bí ènìyàn bá yẹ ara páálí áísìkirìmù tàbí ike yúgọ́ọ̀tì wò dáadáa, kò ní pẹ́ kó tó rí guar gum, tàbí àmì E412, láàárín àwọn èròjà tí wọ́n tò síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé kẹ́míkà lásán ni. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ohun tí a fi ń lẹ ìwé ni gọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ wa. Ohun ọ̀gbìn ni guar gum. Inú hóró irè oko kan tó fara jọ ẹ̀wà ni wọ́n ti ń mú un jáde, orílẹ̀-èdè Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ń wá, pàápàá ìpínlẹ̀ Rajasthan tí òjò kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Wọ́n á bó èèpo hóró náà, wọ́n á yọ ojú ibi tí ì bá ti hù kúrò, wọ́n á sì lọ èyí tó kù di ìyẹ̀fun.

Iṣẹ́ tí ìyẹ̀fun yìí ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ ilá tàbí ààpọn rí. Ó ń fa omi mọ́ra, ó ń wú, ohun tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ á sì ki. Kò nílò iná, inú omi tútù náà ni yóò ti ki, díẹ̀ bíńtín ló sì ń tó. Nínú áísìkirìmù, kì í jẹ́ kí omi dì ní hóró hóró. Nínú búrẹ́dì àwọn tí ara wọn kò gba èròjà gluten inú àlìkámà, òun ló ń di ìyẹ̀fun mú.

Fáíbà ni pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ó máa ń fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dín ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n lò fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju èyí tó wà nínú oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá ń lá áísìkirìmù nítorí E412 inú rẹ̀, ṣúgà ló ń lá.

Ní ọdún 2017, àjọ EFSA tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù tún èròjà náà yẹ̀ wò, ó sì sọ pé kò sí ìdí láti fi òdiwọ̀n kan pàtó lélẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ lè rí i pé inú òun kún fún gáàsì tàbí pé ìgbẹ́ òun ń ṣàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni àjọ náà yà sọ́tọ̀, nítorí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lórí wọn kò tó. Nítorí náà, kò yẹ kí ìyá kankan bù ú sínú wàrà ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó bá gbẹ ni ewu rẹ̀ gan-an wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ń ta oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ Cal-Ban 3000 ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó fẹ́ dín sísanra kù. Guar gum ló wà nínú rẹ̀. Èrò wọn ni pé yóò wú nínú ikùn, ebi kò sì ní pa ẹni tó lò ó. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó ti ń wú fún àwọn mìíràn. Ní ọdún 1990, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ láti dá títà rẹ̀ dúró. Ìròyìn ìṣègùn kan tó jáde ní ọdún 1992 yẹ ọ̀rọ̀ ènìyàn 26 wò, tí irú oògùn yìí dí ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun wọn. Ọ̀kan nínú wọn kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo ìyẹ̀fun náà nílé, kí ó kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi púpọ̀. Kò gbọdọ̀ dà á sẹ́nu ní gbígbẹ. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, tàbí tí oúnjẹ máa ń há lọ́fun, kò gbọdọ̀ gbé oògùn oníhóró rẹ̀ mì rárá.

Guar gum tún lè dín bí ara ṣe ń gba oògùn kù, lára wọn ni metformin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò àti irú pẹnisílìn kan tí à ń gbé mì. Ẹni tó bá ń lo oògùn yẹ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn rẹ̀ iye àkókò tó yẹ kó wà láàárín méjèèjì.