Kí Alásè Kí O Tó Bèèrè Iye: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Mi Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ mi, mo ti lo ọdún 31 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 14 nínú rẹ̀ ni mo fi ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru, láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo mẹ́rin ìdájí. Lásìkò yẹn, n kò ní ẹnì kan ní ìlú yìí tó lè bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá títì ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀, kí àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà tó mọ orúkọ mi. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọjà oúnjẹ fi jẹ mí lógún, tí mo sì fi jókòó kọ èyí sí ọ. Mo gbọ́ pé láti oṣù mẹ́ta tí o ti dé, Peckham, ọjà àwọn èèyàn wa, nìkan lo ń lọ, àti pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí o yà sí ọjà mìíràn, fọ́tò lo yà, o ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀.

1. Má fi Peckham ṣe òpin ìrìn àjò rẹ. N kò ní kí o má lọ. Rye Lane tó wà níbẹ̀ lèmi náà ti ń ra ẹ̀fọ́ ṣọkọ, iṣu àti ẹja gbígbẹ. Ọjọ́ tí àárò ilé bá ń sọ mí, tí òórùn súyà bá ta sí mi láti òdìkejì títì, ara mi a balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Bọ́ọ̀sì 37 ń gbéra ní Peckham, ó sì ń gba Brixton kọjá. Bọ́ọ̀sì 78 ń gba Peckham, ó ń gun orí Tower Bridge lọ sí Shoreditch. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló kù dé Brick Lane. Káàdì kan náà ni kí o fi san owó, nítorí bí o bá wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan, wọn kò ní gba owó kejì lọ́wọ́ rẹ.

2. Kí èèyàn kí o tó bèèrè iye. Ọdún kejì tí mo dé ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ojú sì tì mí kí n tó kọ́ ọ. Mo lọ sí ìsọ̀ ìyá ará Jàmáíkà kan ní Brixton. Ebi ń pa mí, mo kàn nàka sí patty tó wà nínú gíláàsì, ìyẹn oúnjẹ wọn tó jọ míìtì-páì, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo ní, "Èló ni?" Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára aṣọ tó ró mọ́dìí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wá rọra kí mi káàárọ̀, bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ wa kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Èmi tí wọ́n tọ́ ní ilé tí ọmọdé kì í ti í kí àgbà lórí ìdúró! Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ó ní òun mọ̀ pé ìlú yìí ló ń sọ èèyàn dà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà ará Karíbíánì, ìkíni kì í ṣe àfikún, òun ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará Bangladesh, ará Tọ́kì àti ará Sòmálíà tó jẹ́ Mùsùlùmí, sálámà ni kí o fi ṣáájú. Bí o kò bá gbọ́ èdè wọn, ẹ̀rín músẹ́ àti "ẹ káàárọ̀" lédè Gẹ̀ẹ́sì tó. Èmi kò tíì rí alásè tí wọ́n kí dáadáa tó bu oúnjẹ àná fún ẹni tó kí i.

3. Bi wọ́n léèrè ibi tí oúnjẹ náà ti wá. Lọ́jọ́ tí mo bẹ ìyá yẹn, ó ní kí n jókòó sórí àpótí, ó bu nǹkan kan sínú àwo fún mi. Ó ní àwọ̀ bí ẹyin díndín, ó rọ̀, ẹja oníyọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata rodo tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó ní ackee ni, pé òun ni èso orílẹ̀-èdè àwọn. Mo gbé ṣíbí kan sẹ́nu, mo tún gbé èkejì. Mo ní ẹnu mi ti mọ nǹkan yìí rí. Ó bá mú agolo tó ti tú u, ó fi àwòrán tó wà lára agolo náà hàn mí: èso pupa tó là sí ọ̀nà mẹ́ta, kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán bí ojú ẹyẹ, ohun jíjẹ tó funfun lábẹ́ wọn.

Iṣin ni! Iṣin tó wà lẹ́yìn ilé baba mi, tí màmá mi máa ń pariwo lé wa lórí pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá já a, pé ká fi í sílẹ̀ kó là fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí kò bá tíì là, májèlé ni. Nígbà tí mo pariwo orúkọ rẹ̀, ìyá náà pàtẹ́wọ́. Ìkìlọ̀ kan náà ni ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ ní Jàmáíkà. Àwa ń jẹ ẹ́ ní tútù bó bá ti là tán. Àwọn ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n tó dà á sínú ẹja. Láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni igi náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà òwò ẹrú. Ní 1793, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, William Bligh, gbé e láti Jàmáíkà wá sí ọgbà Kew níbí, ni àwọn onímọ̀ ewéko bá fi orúkọ rẹ̀ sọ igi náà, wọ́n pè é ní Blighia sapida. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé orúkọ ẹni tó kàn gbé e nínú ọkọ̀ ni ìwé fi ń pe igi tí ìyá ìyá wa ti ń ṣọ́ kó là.

Ìyá yìí náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi pọ̀ ní Brixton. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ọkọ̀ Empire Windrush, tó kó ọ̀pọ̀ ará Karíbíánì wá, gúnlẹ̀ sí èbúté Tilbury. Àwọn tí kò ní ibùsùn nínú àwọn tó bá a dé, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní Clapham South ni wọ́n kó wọn sí. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti lè wá iṣẹ́ tó sún mọ́ wọn jù wà ní Coldharbour Lane ní Brixton. Ibi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ni wọ́n ti wá yàrá, ọjà sì tọ̀ wọ́n wá síbẹ̀. Bí o bá dúró ní Electric Avenue, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà ọjà tó kọ́kọ́ ní iná mànàmáná ní Lọ́ńdọ̀nù, tí o rí ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò lórí àtẹ, ìrìn láti Clapham dé Coldharbour Lane yẹn lò ń wò.

Bákan náà, bí o bá bá ará Bahia ní Bràsíìlì pàdé tó ń ta acarajé, má kọjá. Àkàrà wa ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín kí wọ́n fi edé sí i. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn.

4. Lọ sí Brick Lane ní òru, kí o sì padà lọ ní ọ̀sán. Bí mo bá jáde níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi a máa gbé mi lọ síbẹ̀, torí pé ilé búrẹ́dì àwọn Júù kan wà níbẹ̀ tí kì í ti ìlẹ̀kùn tọ̀sán tòru. Beigel ni wọ́n ń pe búrẹ́dì wọn. Ó rí roboto, ó ní ihò láàárín, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó kí wọ́n tó yan án, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fúyẹ́ lẹ́nu. Obìnrin tó máa ń dá mi lóhùn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á fi ọ̀bẹ gígùn gé ẹran màlúù tí wọ́n ti rẹ sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó sè é, èéfín á máa rú lára rẹ̀, á tò ó nípọn nípọn sínú búrẹ́dì, á fi músítádì tó ń ta ní imú sí i. Ó pẹ́ kó tó di pé bí ó bá ti rí mi lórí ìlà, ó ti ń gé tèmi. Kò bi mí ní orúkọ rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo padà dé lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bi mí pé ibo ni mo wà.

Ní ọ̀sán, rìn dé igun Fournier Street, kí o wo ilé bíríkì ńlá kan. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ará Faransé tó sá fún inúnibíni ló kọ́ ọ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ní 1743. Nígbà tó yá, ó di ilé ìjọsìn àwọn Júù. Láti 1976, mọ́sálásí ni. Àwọn ará Bangladesh, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Sylhet, ló ń kírun níbẹ̀ báyìí, àwọn náà ló ń ta sámósà àti bíríyánì ní òpópónà yẹn. Mo máa ń dúró síwájú ilé yìí pẹ̀lú beigel lọ́wọ́ kan, sámósà lọ́wọ́ kejì. Kò sí ẹni tí kò gbé ẹrù wọ ìlú yìí, ọmọ mi, ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tú nínú ẹrù náà.

5. Ohun tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ jẹ, fi ọwọ́ jẹ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún. Injera àwọn ará Etiópíà a máa kan díẹ̀ bí ẹ̀kọ, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò kan fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹni tí ẹ jọ ń jẹun bá di òkèlè, tó na án sí ẹnu rẹ, má fà sẹ́yìn. Gursha ni wọ́n ń pè é, ìfẹ́ ni.

6. Wo máàkì ìmọ́tótó. Láti 0 dé 5 ni wọ́n ń fún àwọn tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó bá gba 5 a máa lẹ̀ ẹ́ síta. Ní England, òfin kò mú un ní dandan kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí o kò bá rí i, bèèrè. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí níwájú ìsọ̀ kan tí ìrẹsì rẹ̀ ti tutù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ àìsàn.

7. Èyí ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún kan, ọmọ mi obìnrin mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wálé, ọmọ òyìnbó, mo sì ní kí n fi súyà ṣe é lálejò. Mo ń ṣí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Àfi bí ọmọ mi ṣe pariwo. Ọwọ́ yẹn dúró lófuurufú, kò tó ìka méjì sí ẹran náà. Ara ọmọ náà kò gba ẹ̀pà, bó ṣe wù kó kéré mọ, kúlíkúlí lílọ̀ ló sì wà nínú yájì. Èmi tí mò ń jẹ súyà láti kékeré kò tilẹ̀ rò ó. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ohun mẹ́rìnlá ni òfin ilẹ̀ yìí kà sílẹ̀ tí ẹni tó ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún ọ bí wọ́n bá wà nínú rẹ̀: ẹ̀pà, yànmọ̀tí, ẹyin, wàrà, ẹja, edé àti àwọn mìíràn. Láti oṣù kẹwàá 2021, oúnjẹ tí wọ́n bá dì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á gbọ́dọ̀ ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lára bébà rẹ̀. Kí o tó mú ẹnikẹ́ni lọ jẹun, bi í pé kí ni ara rẹ̀ kì í gbà. Bi í, pàápàá bó bá jẹ́ oúnjẹ wa ni ẹ fẹ́ lọ jẹ, torí ibẹ̀ ni a ti máa ń gbàgbé.

8. Nípa owó: oúnjẹ tútù àti oúnjẹ sísè yàtọ̀ síra. Ní Ridley Road ní Dalston, abọ́ abọ́ ni wọ́n ń ta tòmátì àti ata, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, àwọn fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í já iye owó wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o lọ. Ṣùgbọ́n má ná oúnjẹ sísè, òógùn ẹni tó dúró ti iná láti àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, kí oníkálukú ra àwo kan ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ pín in. Borough Market tó wà lẹ́bàá London Bridge wọ́n, àmọ́ lọ wò ó, ọjà tó ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ọdún ní 2014 kì í ṣe ohun àfojúdi.

9. Fi fóònù sápò títí wọ́n yóò fi gbé oúnjẹ lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ ya alásè náà, gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, ó ní ìdí, má bi í.

10. Gbé díẹ̀ wálé. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé Brixton mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún mi. Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí o bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì 37, gba Electric Avenue wọ inú ọjà. Ìyá ará Jàmáíkà yẹn ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dúró níbẹ̀ báyìí. Kí i káàárọ̀, sọ fún un pé ìyá tó pariwo iṣin ló rán ọ. Ra patty méjì, ọ̀kan ẹran, ọ̀kan ẹja, kí o fi wọ́n sí àyà lábẹ́ kóòtù kí wọ́n má tutù.