Kíndìnrín Kan Tó Kù

Kíndìnrín méjì ló wà lára wa. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà. Bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ epo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá sẹ́ a bá ìtọ̀ jáde.

Àrùn jẹjẹrẹ lè mú ọ̀kan. Bí kò bá tíì tàn ká, dókítà lè gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, tàbí kí ó yọ odindi kíndìnrín náà. Ẹni tí wọ́n yọ ọ̀kan fún lè pẹ́ láyé. Èyí tó kù a tóbi díẹ̀, a sì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ èkejì ṣe. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ yìí wà ní CNHU ní Kútọnu. Ẹ ro owó ọkọ̀ láti Pobè, lọ àti bọ̀!

Kí ló lè pa èyí tó kù? Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro. Ní Pobè àti Sakété, ẹni tó gé eyìn láti àárọ̀, ẹ̀yìn a máa ro ó lálẹ́. A ra ibuprofen tàbí diclofenac, a gbé e mì. Oògùn wọ̀nyí máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín kù. Bí oòrùn bá ti fa omi ara gbẹ, ewu náà pọ̀ sí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba kó oògùn tí wọ́n ń tà ní Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibuprofen tí a rà ní ilé oògùn gidi náà lè ṣe ìpalára yìí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa paracetamol, àti iye tí ẹ lè lò.

Àgbo ńkọ́? A kò bú oògùn àwọn baba wa. Àmọ́ èyí tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má mu ún.

Ẹ mu omi dáadáa lóko. Ẹ dín iyọ̀ àti kúúbù ọbẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo tánsíọ̀n yín. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Kreatinini ni orúkọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú yín, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó fún yín ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ pé: «Kíndìnrín kan ni mo ní.»