Táǹkì Epo Tó Ń Jò àti Ìpẹtà Ara Píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀kọ́ wa ti òní wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti pẹ́, fún ẹni tó ń wà á, àti fún ẹni tó ń kó ẹrù sínú rẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á sétí ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà.

Ní ìdájí, ẹ dúró ní oríta Abraham Adésànyà ní Ajah, nítòsí ẹ̀sítéètì tí a fi orúkọ Olóyè Abraham Adésànyà pè. Olóyè yìí (1922–2008) ni olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà ayé rẹ̀. Ẹ ó rí píkọ́ọ̀pù lóríṣiríṣi níbẹ̀. Ọ̀kan kó pákó, ọ̀kan kó sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó, ṣùgbọ́n òun náà ni àwọn tó ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá awakọ̀ kan gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló ṣe ọkọ̀ yín?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Epo ló ń jò. Mo ra epo sí i lálẹ́ àná. Nígbà tí mo jí, abẹ́ ọkọ̀ ti tutù, gééjì sì ti wálẹ̀. Mo ti fi ọṣẹ dí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣáà bá mi pe wẹ́dà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, kó jó o pọ̀. Ẹlẹ́rù ń dúró dè mí."

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní pè é. Táǹkì tó ti gbé epo rí, a kì í jó o. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Ohun tí mẹkáníìkì náà ṣàlàyé ni ẹ̀kọ́ wa.

KÍ LÓ Ń FA ÌPẸTÀ?

Bí irin bá pàdé omi àti afẹ́fẹ́, yóò dógùn-ún. Èyí ni ìpẹtà. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, ìpẹtà á yára sí i. Ilẹ̀ Lẹ́kì àti Ajah wà láàárín òkun ńlá Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Èkó. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá. Nígbà òjò, omi a máa dúró lójú ọ̀nà, ẹrọ̀fọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbé ìhín tètè ń dípẹtà ju ti ẹni tó ń gbé òkè ilẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wa jẹ́ tòkúnbọ̀. Ní àwọn ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Toyota gbà nílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò máa yẹ ṣáṣì àwọn píkọ́ọ̀pù Tacoma kan àti ọkọ̀ míì wò, àwọn yóò sì pààrọ̀ èyí tí ìpẹtà ti jẹ jù. Nítorí náà, kí ẹ tó ra tòkúnbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán lókè kì í sọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

BÁWO NI TÁǸKÌ ṢE Ń LU?

Ọ̀nà méjì ni. Ti òde ni pé ẹrọ̀fọ̀ dúró sáàárín táǹkì àti bẹ́líìtì irin tó gbé e, ibẹ̀ kò sì gbẹ. Ti inú ni pé omi wọnú epo. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹ irin, títí ihò yóò fi lu.

Epo tó ń jò jẹ́ òfò owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye tí ìjọba fi sí lítà bẹntiróòlù kan kò tó náírà 200. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó fò kọjá náírà 480. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Bí táǹkì bá ń jo lítà kan lálẹ́ ọjọ́ kan, lítà 30 ni lóṣù. Ká ní lítà kan jẹ́ náírà 900. 30 lọ́nà 900 jẹ́ náírà 27,000. Ilẹ̀ ló mu ún. Ṣùgbọ́n òfò owó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfò ẹ̀mí.

KÍ LÓ DÉ TÍ A KÌ Í FI Í JÓ TÁǸKÌ?

Epo bẹntiróòlù ní ooru kan tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tí imú ń gbóòórùn rẹ̀. Ooru yìí ló ń gba iná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rọ́ tẹ̀lé. Ó lè rìn lọ bá iná alákàrà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ lè léwu ju èyí tó kún lọ. Ooru epo àti afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, ó lè bú gbàù bí àdó olóró. Ẹlòmíràn á ní, "A ti fi omi fọ̀ ọ́." Fífọ̀ nìkan kò tó. Epo lè ṣẹ́ kù sínú ìpẹtà àti ojú ibi tí irin ti so pọ̀. Bí iná bá mú un gbóná, yóò tún di ooru.

Ọṣẹ ńkọ́? Ọṣẹ lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò lè gbé yín dé ọdún. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ TÁǸKÌ

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀ bó ṣe yẹ kí ó rí.

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, iná ìdáná tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Kí iyẹ̀pẹ̀ àti èlò panápaná wà nílẹ̀. Ẹ má fi omi pa iná epo, nítorí epo á léfòó lórí omi, iná á sì tàn ká.

2. Ẹ yọ wáyà bátìrì.

3. Ẹ fa epo tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì epo tó ní ìdérí. Ẹ má fi ẹnu fà á. Epo tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

4. Ẹ fi jáàkì àti pákó gbé táǹkì ró. Ẹ sàmì sí rọ́bà àti wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, kí ẹ má baà ṣì í so.

5. Ẹ tú bẹ́líìtì irin, kí ẹ sì sọ táǹkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí bẹ́líìtì ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ òun náà.

6. Bí ẹ bá ra táǹkì àlòkù, bóyá ní ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ẹ wo inú rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹ má ṣáná sí i láti fi ríran. Bí inú bá pọ́n fún ìpẹtà, ẹ fi sílẹ̀.

7. Ẹ fi rọ́bà, kílíìpù àti fíltà tuntun sí i. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ àárín táǹkì àti bẹ́líìtì kí irin má baà máa ha irin.

8. Ẹ kọ́kọ́ bu lítà 5 péré sí i. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá jò, ẹ lè wá ra epo kún un.

Táǹkì àtijọ́ náà ṣì léwu. Ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á pé epo ti wà nínú rẹ̀ rí.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ ÌPẸTÀ

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìgbà tí ìpẹtà bá ṣì jẹ́ àmì pupa kékeré ni kí ẹ mú un.

Ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí irin yóò fi máa dán. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ má baà fa ekuru rẹ̀. Bí ẹ bá ní omi apapẹtà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fi kùn ún, nítorí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ọ̀dà pupa tí a fi ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wá kun ọ̀dà ọkọ̀ lé e.

Ẹ rọra fi òòlù kan ṣáṣì. Bí ó bá dún kíkan, ó dára. Bí ó bá ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ, tàbí tí ó lu, ọ̀dà kò lè tún un ṣe. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣáṣì. Kí wẹ́dà tó tan iná sí ara ọkọ̀ nítòsí táǹkì, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé táǹkì kúrò.

Bí ẹ bá ti gba inú àgbàrá kọjá, ẹ fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀. Bí omi bọ́họ̀ yín bá ní iyọ̀ lẹ́nu, ẹ wá omi míì.

ÌPARÍ

Bàbá awakọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó wo táǹkì, ó wo wẹ́dà tí iná rẹ̀ ń ta lọ́hùn-ún. Ó mú fóònù, ó kúrò nítòsí ọkọ̀, ó sì pe ẹlẹ́rù rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀la." Ó pàdánù owó ọjọ́ kan. Ó padà sílé bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí irin fi tètè ń dípẹtà ní Lẹ́kì àti Ajah?
2. Kí ló dé tí táǹkì òfìfo fi léwu?
3. Bí táǹkì bá ń jo lítà 2 lálẹ́ ọjọ́ kan, lítà mélòó ni yóò jò ní ọjọ́ 30?
4. Kí ni a kọ́kọ́ ń ṣe kí a tó ra epo kún táǹkì tuntun?
5. Lọ́la, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀. Kí ni ẹ rí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta.